Mo pààrọ̀ kámù Silverado 5.3, ó wá ń mísì lókè: sípíríǹgì àti síìlì fáàfù wo ni kí n rà?

OmoSagamu_HTX · Sátidé, 7:40 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Houston ni mo wà. Ọkọ̀ mi ni Chevrolet Silverado ọdún 2004, ẹ́ńjìnnì 5.3 tí wọ́n ń pè ní LM7. Oṣù tó kọjá ni mo yọ kámù tó bá a wá, mo fi èyí tó ga jù ú lọ sí i. Ti tẹ́lẹ̀ ń gbé fáàfù afẹ́fẹ́ sókè ní íǹṣì 0.457, ó ń gbé ti èéfín ní 0.466. Tuntun yìí, 0.575 ni fún méjèèjì. Ẹni tó tà á fún mi ní sípíríǹgì tó wà lórí ẹ́ńjìnnì á gbé e. Mo gbà á gbọ́, torí owó ti ń tán lọ́wọ́ mi nígbà yẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rè é. Láti ìsàlẹ̀ títí dé bíi 4,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ọkọ̀ ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá ti kọjá 5,200, ó di pẹ́-pẹ́-pẹ́ nínú sàlẹ́ńsà, agbára á já wálẹ̀ lójijì, iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti pààrọ̀ wáyà, ìyàtọ̀ kankan ò sí. Ta ló ti rí irú èyí rí?

BabaFaafu_Ibadan · Sátidé, 8:22 alẹ́

Ọmọ mi, kọ́kọ́ rọra ná. Má tẹ ọkọ̀ yẹn kọjá 4,000 títí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Púlọ́ọ̀gì kọ́, wáyà kọ́. Fáàfù rẹ ló ń léfòó.

Wò ó báyìí. Kámù ò mọ̀ ju kó ti fáàfù ṣí lọ. Sípíríǹgì ló ń dá a padà, òun náà ló ń fi táápẹ́ẹ̀tì mọ́ ara kámù kó má baà fò. Tí kámù bá ga, tó tún gún, táápẹ́ẹ̀tì á fẹ́ fò kọjá orí rẹ̀ bí ọmọdé tó sáré gun òkìtì tí kò rí ara dá dúró. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ò lè fà á padà lásìkò. Ìgbà tó yẹ kí fáàfù ti padé, á ṣì ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn tí písítìnì ń fún pọ̀ á sá jáde, sílíńdà á mísì. Ohun tí ò ń gbọ́ ní 5,200 nìyẹn. Àti pé ogún ọdún ni sípíríǹgì yẹn ti ń tẹ̀ tó ń nà. Kì í ṣe ọmọ àná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí òrùka sípíríǹgì má lọ máa kan ara wọn nígbà tí fáàfù bá ṣí dópin. Bí àyè bá ti tán láàárín wọn, kámù ò níbi tó máa gbé e sí mọ́, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá nígbà kan: sípíríǹgì ṣẹ́, lọ́ọ̀kì (irin kékeré tó ń di fìlà sípíríǹgì mọ́ fáàfù) fò, fáàfù já sínú sílíńdà, písítìnì sì lù ú títí òun fúnra rẹ̀ fi dáhò. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní "gbì" kan ṣoṣo lòun gbọ́.

Ẹni tó ní ti tẹ́lẹ̀ á gbé e, kámù ló fẹ́ tà.

IyaEnjini_Dallas · Sátidé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Ẹ ti là á mọ́lẹ̀, nọ́ńbà ni mo fẹ́ fi kún un.

Àbúrò, lórí ẹ́ńjìnnì LS, ìyẹn ìdílé tí LM7 rẹ ti wá, gíga sípíríǹgì nígbà tí fáàfù bá padé pátápátá jẹ́ íǹṣì 1.800. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní gíga ìjókòó. Yọ 0.575 tí kámù rẹ ń gbé kúrò nínú rẹ̀, ó ku 1.225. Gíga sípíríǹgì nígbà tí fáàfù bá ṣí dópin nìyẹn. Sípíríǹgì tí o máa rà, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pa tí gbogbo òrùka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó gbọ́dọ̀ kúrú ju 1.225 yẹn lọ, kí àlàfo bíi 0.060 sì ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé 1.165, tàbí kó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá. Tí wọn ò bá kọ ọ́, má rà á.

Sípíríǹgì ilé iṣẹ́ tó wà lórí 5.3 rẹ yẹn, àwa tí a ń ṣe LS kì í gbé e kọjá kámù 0.500. Èyí tó wà lórí LS6 inú Corvette Z06 láti 2002, kámù ibẹ̀ ń gbé 0.551 àti 0.547, wọ́n sì máa ń fi ààlà rẹ̀ sí bíi 0.550. Kámù tìrẹ ti ré méjèèjì kọjá. Èyí tí wọ́n kọ 0.600 sí ni kó o wá.

AlagbaraV8 · Sátidé, 9:31 alẹ́

Kí lẹ ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí sí? Ra oníméjì, kékeré nínú ńlá, èyí tó le jù lọ́jà, kó o lọ sùn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, èkejì á di fáàfù mú.

IyaEnjini_Dallas · Sátidé, 9:48 alẹ́

Òótọ́ ni pé èkejì á di fáàfù mú, mi ò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sáré ìdíje fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n "èyí tó le jù" kì í ṣe ìwọ̀n. Táápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí, ọ́ìlì ló gbé e ró nínú. Tí sípíríǹgì bá le ju agbára rẹ̀ lọ, á máa tẹ̀ ẹ́ rì, fáàfù ò ní ṣí tó bó ṣe yẹ, owó kámù ti wọgbó nìyẹn. Rọ́kà LS, apá irin tó ń tẹ fáàfù ṣí, náà ò gbẹ́yìn. Àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké tó wà ní ìdí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jábọ́ sínú ọ́ìlì kí ẹnikẹ́ni tó fi agbára kún un. Ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń lọ sọ́jà: bíi 130 pọ́n-ùn nígbà tí fáàfù padé, 300 lé díẹ̀ nígbà tó ṣí, ó ti tó.

Èmi á ní kó o ra ẹyọ kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ kéré. Fìlà tó ń bo orí rẹ̀ kéré, ó sì fúyẹ́, nǹkan tí sípíríǹgì máa máa fà lọ fà bọ̀ ti dín kù. Ó sì lè lo fìlà, lọ́ọ̀kì àti síìlì (èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara fáàfù wọ sílíńdà) irú ti ilé iṣẹ́. Tó o bá lọ ra oníméjì, gbogbo ìyẹn yí padà. Lórí LS, síìlì fáàfù àti àwo irin tí sípíríǹgì jókòó lé, ara kan náà ni wọ́n. O ò lè fi sípíríǹgì oníméjì lé e. Wàá yọ ọ́, wàá ra síìlì tó dá dúró, wàá sì ra àwo mìíràn tó máa di ìdí sípíríǹgì mú. Kí síìlì náà má sanra o, torí sípíríǹgì inú á máa ha á lára.

Wo lọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Ti ilé iṣẹ́ jẹ́ dígírì 7. Bí ẹnì kan bá tà ẹ́ ní fìlà dígírì 10, lọ́ọ̀kì ò ní jókòó dáadáa nínú rẹ̀, ìtàn Mọ́kọ́lá tí Bàbá sọ ló ń bọ̀ yẹn.

Peckham_EK · Sátidé, 11:10 alẹ́

Honda ni tèmi, Civic EK tó ní B16, ṣùgbọ́n mo jìyà tó pọ̀ tó láti sọ tẹnu mi. Síìlì ibẹ̀ kò rí bákan náà: èyí tí wáyà ọrùn rẹ̀ funfun, ti afẹ́fẹ́ ni. Èyí tó dúdú, ti èéfín. Èmi dà wọ́n pọ̀ mọ́ra nínú abọ́ kan, mo ní síìlì ni síìlì. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì. Sípíríǹgì náà lórí àti ìdí: apá tí òrùka rẹ̀ sún mọ́ra ló ń kọjú sí tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Ọmọ Ṣágámù, ẹ má tú tọ́ọ̀pù sílẹ̀ o. Orí ọkọ̀ níbẹ̀ lẹ ti lè ṣe é. Ẹ yí páìpù kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú sílíńdà, á gbé fáàfù dúró.

BabaFaafu_Ibadan · Àìkú, 6:15 àárọ̀

Atẹ́gùn dára, àmọ́ ó máa ń yí ẹ́ńjìnnì lójijì bí písítìnì kò bá wà lókè gan-an. Kí ìka ẹnikẹ́ni má wà nítòsí. Nígbà tí a ò ní kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀, okùn la ń lò. Ẹ fi okùn kan tó rọ̀ wọnú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ọwọ́ yí kìráńkì títí písítìnì fi fún okùn mọ́ fáàfù. Kí ìdí okùn yọ síta o. Mo mọ ẹnì kan tó gbàgbé tirẹ̀ sínú.

IyaEnjini_Dallas · Àìkú, 7:02 àárọ̀

Lórí LS, o ò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì tó o bá ní sùúrù. Tí písítìnì bá wà lókè pátápátá, fáàfù ò níbi tó máa já sí, orí písítìnì ló máa gbé e dúró. Bí iná ṣe ń jó nínú sílíńdà tẹ̀ léra báyìí: 1-8-7-2-6-5-4-3. Nítorí náà 1 àti 6 jọ ń wà lókè. Ṣe méjèèjì. Yí kìráńkì ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, ó kan 8 àti 5. Ìdá mẹ́rin sí i, 7 àti 4. Sí i, 2 àti 3. O ti parí. Yọ gbogbo rọ́kà kúrò kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì tí mi ò ní dákẹ́ lé lórí. Má fi píláyà di sípíríǹgì mú. Ojú ibi tí píláyà bá ha ló ti máa ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Rì wọ́n sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kó o tó tò wọ́n. Ìkejì, àwọn ìlà tí lọ́ọ̀kì ń wọ̀ lórí fáàfù mú bí abẹ. Fi ìbòrí ọ̀rá tó bá síìlì wá bo orí fáàfù, tàbí kó o fi sẹ́lótéèpù wé e, fi ọ́ìlì kùn ún, kó o tó ti síìlì kọjá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo 16.

Omo_Ladipo · Àìkú, 10:37 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi ò pààrọ̀ kámù, Corolla ẹ́ńjìnnì 1ZZ ni mo tú tọ́ọ̀pù rẹ̀ nítorí èéfín. Mo rí sípíríǹgì tòkunbọ̀ 16 ní olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó ń tà á ní gíga wọn bára mu, ó tò wọ́n sórí tábìlì kí n rí i. Ṣé kí n rà á?

BabaFaafu_Ibadan · Àìkú, 2:50 ọ̀sán

Pé wọ́n ga bákan náà ò sọ nǹkan kan fún ẹ. Sípíríǹgì lè ga bó ṣe yẹ kí ó ti dẹ̀ nínú. Bó ṣe ń ti ọwọ́ padà ni ká wò.

Wá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara ẹni sílé. Gbé e sórí tábìlì ẹ̀rọ ìlùhò, fi páálí irin kékeré sórí rẹ̀, gbé sípíríǹgì lé e, kó o wá fi apá ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé gíga ìjókòó rẹ̀. Ka nọ́ńbà. Gbogbo wọn, ní gíga kan náà. Tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá fún ẹ ní pọ́n-ùn, 130 pọ́n-ùn jẹ́ bíi kílò 59. Fi ọ̀kan nínú ti àtijọ́ rẹ kún un kó o fi wé wọn. Gbé awò sójú o, torí bó bá yọ̀, ojú ló ń wá.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, 1ZZ àkọ́kọ́ tó ń mu ọ́ìlì, mi ò ní í kọ́kọ́ dá síìlì lẹ́bi. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì rẹ̀ kéré, ó ń dí, rín-ìn (òrùka ara písítìnì) á wá lẹ̀. Ìgbà wo lo ń rí èéfín náà? Bó bá jẹ́ àárọ̀ tí o kọ́kọ́ ṣíná, tó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, síìlì ni. Bó bá jẹ́ gbogbo ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, gbà pé rín-ìn ni.

OmoSagamu_HTX · Sátidé tó tẹ̀ lé e, 10:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe agídí díẹ̀, Àǹtí, ẹ má bínú: oníméjì ni mo rà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló rà á fún ọkọ̀ tó ti tà, tuntun nínú páálí, ó fún mi ní ìdajì owó. Wọ́n kọ 0.650 sí i, 140 pọ́n-ùn ní 1.800, gíga rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pa sì jẹ́ 1.100. Síìlì, àwo ìdí, fìlà, lọ́ọ̀kì dígírì 7, gbogbo rẹ̀ pé.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tí mo yọ púṣírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó wà láàárín táápẹ́ẹ̀tì àti rọ́kà), mo tò wọ́n sórí gíláàsì tábìlì ìyàwó mi, mo ń yí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlá yí geere. Méjì ń jó bí ẹni tó mu ẹmu. Bàbá, ẹ ò purọ́. Odidi 16 ni mo rà ní tuntun, íǹṣì 7.400 bíi ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fi ẹyọ kan wọn gígùn rẹ̀.

Gíga ìjókòó ló yà mí lẹ́nu. Mo rò pé 1.800 ni màá bá. Mo gé irin ìfikọ́ aṣọ, mo ń fáìlì rẹ̀ títí ó fi bọ́ sáàárín àwo ìdí àti fìlà gẹ́rẹ́gẹ́, mo wá fi kálípà wọn irin náà. 1.840. Òmíràn 1.835. Kò sí èyí tó jẹ́ 1.800. Àwo tuntun yìí fẹ́lẹ́ ju èyí tó lẹ̀ mọ́ síìlì àtijọ́ lọ ni. Kí n ṣe kí?

IyaEnjini_Dallas · Sátidé, 10:41 alẹ́

Agídí rẹ ti kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò bá kọ́ ẹ. Wáṣà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ sípíríǹgì wà, 0.015, 0.030, 0.060. Fi 0.030 sí abẹ́ gbogbo wọn, 1.805 sí 1.810 lo máa bá. Mi ò ní wá 1.800 géérégé lórí ọkọ̀ tí ò sáré ìdíje. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n bára mu.

Ó ku ìwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ń fò dá. Láti abẹ́ fìlà dé orí síìlì, mélòó ni? Ó gbọ́dọ̀ ju 0.575 lọ, kí 0.050 ó kéré tán sì tún ṣẹ́ kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fìlà á máa gbá síìlì lórí ní gbogbo ìgbà tí fáàfù bá ṣí.

OmoSagamu_HTX · Àìkú, 8:55 alẹ́

0.680 ni mo bá lórí sílíńdà kìíní. Ó ku 0.105. Wáṣà 0.030 ti wọlé, ẹ ṣeun, Àǹtí. Rọ́kà ti padà sípò, mo dè é ní 22 ft-lb. Lọ́ọ̀kì kan fò mọ́ mi lọ́wọ́ ní sílíńdà 4, ọpẹ́lọpẹ́ àkísà tí mo fi dí ihò ọ́ìlì, orí àkísà ló balẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn mo ń fi gíríìsì lẹ lọ́ọ̀kì mọ́ fáàfù, wọn ò fò mọ́.

Alẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí mo dé 7, èyí tó fara ti ògiri ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Mo ti ṣe é tán.

Ó DÁ! Mo tẹ̀ ẹ́ dé 6,000, kò mísì rárá.

OmoSagamu_HTX · Ọjọ́rú, 6:48 àárọ̀

Ayọ̀ mi ò pẹ́. Mo ṣíná láàárọ̀ yìí, èéfín búlúù bo ẹ̀yìn ọkọ̀. Bíi ìṣẹ́jú àáyá ogún, ó lọ. Aládùúgbò ti wá béèrè bóyá mo ń sun nǹkan. Ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Peckham_EK · Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Síìlì. Bàbá ti sọ ọ́ fún Ọmọ Ládípọ̀ lókè: àárọ̀ nìkan, tó sì lọ. Ọ́ìlì ń rọra kán wọlé lóru.

BabaFaafu_Ibadan · Ọjọ́rú, 12:04 ọ̀sán

Má tú gbogbo 16. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí ọkọ̀. Èyí tí ọ́ìlì bá tutù sí lórí ló máa júwe sílíńdà fún ẹ.

Mo sì fẹ́ bi ẹ́ léèrè kan, kó o má bínú. Ní sílíńdà 7, lálẹ́ yẹn, ṣé o fi ìbòrí ọ̀rá bo orí fáàfù?

OmoSagamu_HTX · Ọjọ́bọ̀, 9:17 alẹ́

Bàbá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ni?

Púlọ́ọ̀gì 7 tutù, ó dúdú. Ti 5 náà ní ọ́ìlì, ṣùgbọ́n kò tó ti 7. Mẹ́fà yòókù gbẹ.

Mo tú 7. Síìlì afẹ́fẹ́ rẹ̀, ètè inú ti ya ní ọ̀gangan kan, yíya tó rí wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹ̀yìn abẹ fà á. Wáyà róbótó tó yẹ kó fún un lọ́rùn ti yọ, ó wà nísàlẹ̀ láàárín sípíríǹgì méjèèjì, ó ti tẹ̀ bí òrùka etí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rántí dáadáa: ìbòrí ọ̀rá já sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ sì ti ṣú, mo ní ẹyọ kan ò lè pa mí.

5 yàtọ̀. Síìlì rẹ̀ ò ya, ṣùgbọ́n kò jókòó dé ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń dán níbi tí fìlà ti ń gbá a. Mo wọn àlàfo ibẹ̀, kò tó nǹkan. Orí sílíńdà kìíní nìkan ni mo ti wọ̀n ọ́n, mo gbà pé àwọn yòókù á rí bẹ́ẹ̀.

IyaEnjini_Dallas · Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

Báwo lo ṣe ti ti 5 wọlé?

OmoSagamu_HTX · Ọjọ́bọ̀, 9:46 alẹ́

Sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn àti òòlù, Àǹtí.

IyaEnjini_Dallas · Ọjọ́bọ̀, 10:03 alẹ́

Kò burú, ohun tí èmi náà ń lò nìyẹn. Ṣùgbọ́n etí la fi ń ṣe é. Bí síìlì ṣì ń lọ sílẹ̀, ohùn òòlù á máa rọ̀. Bó bá ti jókòó sórí gáìdì (ọ̀pá oníhò tí fáàfù ń gba inú rẹ̀), ohùn yẹn á yí padà, á di ohùn irin. Dúró níbẹ̀. Tó o bá tún gbá a lẹ́yìn ìyẹn, ò ń ba á jẹ́ ni. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan èèpo òde síìlì, kó má kan ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi kálípà wọn láti orí síìlì dé orí fáàfù, lórí gbogbo 16. Èyí tó bá yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tíì délé.

Má lo síìlì tó ti yọ kúrò mọ́, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó dára. Ra irú tó ń fara da ooru, èyí tí wọ́n fi Viton ṣe. Rọ́bà lásán máa ń gan.

AlagbaraV8 · Ọjọ́bọ̀, 10:15 alẹ́

Ṣé mo lè sọ pé sípíríǹgì oníméjì mi ò ṣe nǹkan kan tó burú? 😂

IyaEnjini_Dallas · Ọjọ́bọ̀, 10:17 alẹ́

O lè sọ ọ́. Ó kàn mú un ra àwo, síìlì, fìlà, wáṣà, ó sì fi ọjọ́ méjì kún iṣẹ́ ọjọ́ kan.

OmoSagamu_HTX · Ajé, 7:05 àárọ̀

Síìlì tuntun mẹ́rin ti wọlé, afẹ́fẹ́ àti èéfín fún 5 àti 7. Mo fi ọ̀sán ṣe é. Mo wọn gbogbo 16 láti orí síìlì dé orí fáàfù: mo tún bá ọ̀kan lórí sílíńdà 2 tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo fi ìgbá òòlù kan ṣoṣo mú un délé, ohùn rẹ̀ yí padà bí Àǹtí ṣe wí. Òwúrọ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ń ṣíná lẹ́yìn òru gbáko, n kò rí èéfín. Aládùúgbò náà wá wò ó.

Omo_Ladipo · Ajé, 1:33 ọ̀sán

Èmi náà ní ìròyìn. Bàbá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo lọ síbi ẹ̀rọ ìlùhò ọ̀rẹ́ mi alágbẹ̀dẹ. Mo fi sípíríǹgì àtijọ́ mi mẹ́rin ṣe àkọ́kọ́, kílò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Mo wá gbé tòkunbọ̀ lé e. Méje sún mọ́ tèmi. Mẹ́sàn-án yòókù ń já wálẹ̀, òmíràn fi kílò mẹ́rin dín. Gíga wọn lórí tábìlì, bákan náà gẹ́lẹ́ ni.

Ẹ sì tún gbà á nípa èéfín. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe àárọ̀ nìkan. Písítìnì ló kàn báyìí.

Mo gbé sípíríǹgì náà padà lọ bá ẹni tó tà á. Mo kọ kílò kọ̀ọ̀kan sára bébà, mo so ó mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo bébà, ó wo mi, ó pe ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì: "Ẹ wá wo ọmọ yìí o, ó lọ wọn sípíríǹgì lórí ìwọ̀n bí ẹni ń ra ẹran." Ó ṣáà dá owó mi padà, ó yọ ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti ń yọ bébà mi kúrò lára wọn.